Àkọ́sítíìkì tàbí oníná: ibi tí ohùn gìtá ti ń jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìmọ̀ràn kan wà tí ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó fẹ́ kọ́ gìtá máà gbọ́: "Fi àkọ́sítíìkì bẹ̀rẹ̀ ná, kí ìka rẹ lè yi, tó bá yá, wàá bọ́ sórí oníná." Ẹnu àwọn tó mọ gìtá ta dáadáa la ti ń gbọ́ ọ, síbẹ̀ mi ò fara mọ́ ọn. Gìtá oníná kì í ṣe kíláàsì kejì tí èèyàn ń gòkè sí lẹ́yìn tó bá ti yege ní ti àkọ́kọ́. Ohun èlò orin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: àkọ́sítíìkì ń fi igi ara rẹ̀ gbé ohùn jáde, oníná ń lo iná àti sípíkà. Lóòótọ́, okùn mẹ́fà ló wà lára àwọn méjèèjì, bákan náà la sì ń to ohùn okùn wọn, E, A, D, G, B, E. Ẹni tó bá mọ kọ́ọ̀dù G (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀) lórí ọ̀kan ti mọ̀ ọ́n lórí èkejì. Ṣùgbọ́n ibi tí ohùn ti ń jáde yàtọ̀, ìyẹn ló sì bí gbogbo ìyàtọ̀ yòókù: bí okùn ṣe nípọn tó, bó ṣe le tó lábẹ́ ìka, ohun tí ẹ ó rà mọ́ ọn, àti ohun tó lè bà á jẹ́.

Lára àkọ́sítíìkì, pákó ni agbóhùnsókè. Okùn tín-ín-rín kò lè ti afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá dá wà, díẹ̀ báyìí la máa gbọ́ nínú ohùn rẹ̀. Bí okùn ṣe ń gbọ̀n, ó ń mi sádù, ìyẹn egungun tàbí ike pẹlẹbẹ tí okùn gùn lé. Sádù ń mi afárá tó gbé e dúró, afárá sì ń mi pákó iwájú gìtá látòkè délẹ̀. Pákó yìí kì í sábà nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Igi spruce tàbí cedar ni wọ́n máa ń fi ṣe é, torí pé igi méjèèjì fúyẹ́, wọ́n sì tún le. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú kò tó, ni wọ́n ti lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Lórí gìtá olókùn irin, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí igi méjì dábùú ara wọn bíi lẹ́tà X, ọ̀nà kan tí wọ́n ti ń lò ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1840. Iṣẹ́ tí igi wọ̀nyẹn ń ṣe kò rọrùn. Okùn mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní 12 sí 53 ń fa afárá pẹ̀lú agbára tó tó kílò 70, lọ́sàn-án lóru, ìgbà tí a ń ta á àti ìgbà tí a gbé e kọ́. (Ìdá ẹgbẹ̀rún íńṣì ni wọ́n fi ń wọn okùn, láti orí èyí tó tín-ín-rín jù dé èyí tó nípọn jù; 12 ni íńṣì 0.012.) Pákó náà gbọ́dọ̀ le tó láti gba ìfà yẹn, kó sì tín-ín-rín tó láti gbọ̀n. Bí ẹni tó ṣe gìtá náà bá ṣe mọ ààlà ibẹ̀ tó ni gìtá rẹ̀ á ṣe dára tó.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, tí owó bá níwọ̀n, ara pákó iwájú ni kí ẹ ná an sí. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ojúlówó igi látòkè dé ìsàlẹ̀. Èkejì jẹ́ awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ojúlówó ń gbọ̀n fàlàlà. Àlẹ̀pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n, ohùn rẹ̀ kì í jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fara da ooru àti ọ̀rinrin ju ojúlówó lọ. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà nìkan ṣe ẹ̀rí. Ẹ tẹjú mọ́ etí ihò tó wà láàárín gìtá, níbi tí wọ́n ti gé pákó. Tí ìlà igi tó wà lójú pákó bá ṣẹ́rí wọ etí ihò náà, tó sì bá a lọ títí dé inú láìjá, ojúlówó ni. Tí ẹ bá rí ipele lórí ipele, tí ìlà àárín dojú kọ ọ̀nà mìíràn, àlẹ̀pọ̀ ni. Nígbà míì wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kun etí náà tàbí kí wọ́n fi ike bò ó, ìyẹn sì tó ohun tó ń mú èèyàn béèrè sí i. Ní ti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá, kí àlẹ̀pọ̀ wà níbẹ̀ kò burú rárá; iṣẹ́ ńlá kọ́ ni wọ́n ń ṣe nínú ohùn.

Igi tí a fẹ́ kó máa gbọ̀n kò ṣeé gbé síbi tó bá ṣáà ti wù wá. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó bá a lára mu wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, igi á súnkì. Ọwọ́ yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀: orí fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, á yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn náà, á sì máa ha ọwọ́. Lẹ́yìn náà pákó iwájú á wọnú, okùn á sún mọ́ ọrùn, á máa gbá fírẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá tètè wá nǹkan ṣe, pákó lè là lẹ́bàá afárá. Tí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, òdìkejì ni: ẹ̀yìn afárá á wú, okùn á ga sókè, ohùn náà á sì wúwo. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn ló burú jù. Ooru á rọ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ afárá, ìfà okùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i látẹ̀yìn. Ẹ mú bébà pélébé kan, kí ẹ gbìyànjú láti ti etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀yìn afárá. Tó bá wọlé, ẹ dẹ okùn náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì gbé gìtá náà lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe. Oníná kò ní irú ìyọnu yìí. Ọrùn rẹ̀ nìkan ló máa ń mọ̀ pé ojú ọjọ́ yí padà.

Ibòmíràn ni ohùn oníná ti ń wá. Lábẹ́ okùn ni píkọ́ọ̀pù wà: òòfà tí wọ́n fi wáyà bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Okùn irin tó ń gbọ̀n lókè òòfà yìí ń da agbára òòfà náà láàmú, ìyẹn ló sì ń di iná kékeré nínú wáyà. Píkọ́ọ̀pù kò gbọ́ afẹ́fẹ́. Irin tó ń mì nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá fi okùn bronze ti àkọ́sítíìkì sórí oníná á rí i kíákíá: okùn B àti E tín-ín-rín, tó jẹ́ irin lásán, á dún sókè, àwọn tí wọ́n fi bronze wé á máa sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, torí òòfà kì í fa bronze. Okùn irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì wé ni ti oníná. Ibi tí píkọ́ọ̀pù wà tún ṣe pàtàkì. Nítòsí afárá, okùn kì í mì púpọ̀, ohùn ibẹ̀ mú, ó sì ń là kọjá ariwo àwọn yòókù. Nítòsí ọrùn, okùn ń mì gbòòrò, ohùn ibẹ̀ kún, ó sì rọ̀. Ọ̀pá kékeré tàbí bọ́tìnì tí ẹ ń rí lára oníná, láti yan èyí tí ẹ fẹ́ lò nínú wọn ni.

Ohun tó fa dídá gìtá oníná sílẹ̀ ni pé gìtá kò rọ́nà gbé ohùn rẹ̀ jáde. Nínú ẹgbẹ́ olórin ńláńlá ní Amẹ́ríkà nígbà náà, fèrè àti ìlù ti bo gìtá mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1932, iṣẹ́ tí George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker jọ ṣe gbé gìtá onípíkọ́ọ̀pù òòfà dé ọjà. Nígbà tí wọ́n wá ń fi píkọ́ọ̀pù sára gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo, tí wọ́n bá ti gbé ohùn sókè jù, ohùn sípíkà á padà wá mi pákó, pákó á mi okùn, gbogbo rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ara gìtá tó jẹ́ odidi igi ló yanjú ìyẹn. Leo Fender gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1950, ilé iṣẹ́ Gibson gbé gìtá Les Paul jáde lọ́dún 1952, gìtá Stratocaster ti Fender sì dé lọ́dún 1954. Píkọ́ọ̀pù onídìí kan, ìyẹn èyí tó ní ìdì wáyà kan ṣoṣo, tí wọ́n ń lò nígbà yẹn máa ń gba ìró iná ilé mọ́ra, á máa kùn ní hertz 50 tàbí 60 (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bí iná ibẹ̀ bá ṣe jẹ́. Seth Lover, òṣìṣẹ́ Gibson, ló wá ọgbọ́n sí i lọ́dún 1955: ìdì wáyà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí òòfà wọn àti bí wọ́n ṣe wé wọn dojú kọ òdì ara wọn, tí kíkùn ọ̀kan á fi pa ti èkejì. Humbucker ni wọ́n sọ ọ́. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ ohùn tó mọ́ gaara, tí okùn kọ̀ọ̀kan ń dá fọhùn, á lọ sọ́dọ̀ onídìí kan, á sì fara mọ́ kíkùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn tó nípọn, tó fẹ́ fi dísítọ́ṣọ̀n (ohùn tó ń ha, tó ń bú) sí i gan-an, humbucker á gbà á lọ́wọ́ ariwo.

Oníná láìsí áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, ìdajì gìtá ni. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó: wọ́n á kó gbogbo owó lé gìtá, wọ́n á sì wá áńpù tó bá ṣáà ti wà. Gìtá tó mọ níwọ̀n pẹ̀lú áńpù tó dára á dùn ju gìtá olówó ńlá pẹ̀lú áńpù yẹpẹrẹ lọ, nígbà gbogbo. Sípíkà áńpù gìtá kò jọ ti ẹ̀rọ orin ilé. Tí ohùn bá ti ga kọjá nǹkan bíi hertz 5,000, ó máa ń já a sílẹ̀, jíjá tó ń já a sílẹ̀ yẹn sì wà lára ohun tó ń mú ohùn gìtá oníná dùn. Ẹ ki gìtá kan náà bọ sípíkà ilé tààrà, ohùn rẹ̀ á gbẹ, á sì máa gún etí. Fún inú yàrá, wáàtì 5 sí 20 pọ̀ tó. Ẹ wo èyí tí sípíkà rẹ̀ tó íńṣì 8 ó kéré tán, tó sì ní ojú ihò fún ẹ̀rọ agbọ́rọ̀sétí. Wáyà tó ní jáàkì mìlímítà 6.35, mítà 3 ní gígùn, ti tó. Tí wáyà bá gùn kọjá mítà 6, ó máa ń gba díẹ̀ nínú mímú ohùn náà. Tí áńpù yín bá jẹ́ oníválífù, irú èyí tó ń lo ìgò gíláàsì tó ń ràn bíi gílóòbù, ẹ má ṣe tàn án láé láìjẹ́ pé sípíkà ti wà lára rẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń gbé iná jáde sí sípíkà lè jóná.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ló kù, ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn àtijọ́ yẹn ti ń ṣini lọ́nà. Okùn oníná tó wọ́pọ̀ jẹ́ 9 sí 42 tàbí 10 sí 46, ìfà wọn kò sì tó kílò 50 lápapọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, okùn G tó jẹ́ ẹ̀kẹta lórí oníná jẹ́ irin lásán tó ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ohùn rẹ̀ lè gòkè; lórí àkọ́sítíìkì tó lo 12, wọ́n ti fi bronze wé e, ó nípọn, kì í sì í fẹ́ tì. Ẹni tí títi okùn ló wù ú, tó wá lo ọdún kan gbáko lórí àkọ́sítíìkì láti fi "múra sílẹ̀", ohun tó fẹ́ kọ́ gan-an ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ìka tó ń dunni á yi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì, tí ẹ bá ń ta á lójoojúmọ́.

Ohun tó ń lé èèyàn kúrò nídìí gìtá ní tòótọ́ ni okùn tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ṣeé wọn. Ẹ to ohùn okùn kí ẹ tó wọn ohunkóhun, torí okùn tó dẹ̀ kì í fa ọrùn gìtá bó ṣe yẹ. Ẹ fi ìka kan tẹ okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní, kí ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ okùn náà níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Okùn yẹn ti di rúlà gbọnrangandan báyìí. Ẹ wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì keje: mìlímítà 0.2 sí 0.3 ló yẹ kó jẹ́. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọrùn ti tẹ̀ síwájú jù. Tí kò bá sí àlàfo rárá, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀pá irin tó wà nínú ọrùn la fi ń tún un ṣe. Yíyí i sọ́tùn-ún, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, sábà máa ń dín àlàfo náà kù. Sósì, ó ń fẹ̀ ẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún ohùn tò, kí ẹ tún wò. Tó bá ti le mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dúró. Ọ̀pá tó bá já sínú ọrùn lè ná yín ju iye gìtá náà lọ.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá wọn gíga okùn ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, láti orí fírẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ okùn. Lórí àkọ́sítíìkì, mìlímítà 2.4 fún okùn kẹfà àti 1.8 fún èkíní bá ọ̀pọ̀ ọwọ́ mu. Lórí oníná, nǹkan bíi 1.8 àti 1.5. Títún èyí ṣe lórí oníná kò le: ìṣó kéékèèké tí a ń yí ló wà lára afárá rẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ wọn okùn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹ ó kàn yí i ni. Lórí àkọ́sítíìkì, ẹ ní láti yọ sádù kí ẹ sì fi sáńdípépà fá ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí ibi tó tẹ́jú. Tí ẹ bá fẹ́ dín mìlímítà 0.5 kù ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, mìlímítà 1 ni ẹ ó fá, torí pé àárín okùn gan-an ni fírẹ́ẹ̀tì kejìlá wà. Ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ bá fá kúrò kò ní padà.

Ibòmíràn tún wà tí kì í wá sí wa lọ́kàn: nọ́ọ̀tì, ibi tí okùn ti ń bọ́ sórí ọrùn. Ẹ tẹ okùn mọ́lẹ̀ láàárín fírẹ́ẹ̀tì kejì àti ìkẹta, kí ẹ wo orí fírẹ́ẹ̀tì kìíní. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí ló yẹ kó yọ lábẹ́ okùn. Tí àlàfo ibẹ̀ bá gbòòrò, ihò nọ́ọ̀tì kò jìn tó. Kọ́ọ̀dù F tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń tìtorí rẹ̀ sọ pé ọwọ́ àwọn kò lágbára, fírẹ́ẹ̀tì kìíní ló wà. Nọ́ọ̀tì tó ga nìkan lè sọ ọ́ di ìjàkadì. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kí ẹ jẹ́ kó gbẹ́ ihò yẹn, torí tó bá jìn jù, okùn á máa gbá fírẹ́ẹ̀tì kìíní, nọ́ọ̀tì tuntun ló sì kù láti fi sí i.

Ẹni tí okùn irin ń dùn púpọ̀ lè wo gìtá olókùn náílọ̀n. Okùn rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ fẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 52 ní nọ́ọ̀tì, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 42 tàbí 43. Ọwọ́ kékeré á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má fi okùn irin sórí rẹ̀ láé. Wọn kò ṣe pákó rẹ̀ fún irú ìfà bẹ́ẹ̀, afárá á ṣí kúrò.

Ní ti àkọ́sítíìkì tí wọ́n fi píkọ́ọ̀pù sí lábẹ́ sádù, ẹ má rà á bí ẹni tó ń ra méjì lẹ́ẹ̀kan. Àkọ́sítíìkì ṣì ni. Okùn rẹ̀ nípọn bíi ti àkọ́sítíìkì, kò sì ní fún yín ní ohùn oníná. Ohun tó wúlò fún ni kí èrò púpọ̀ lè gbọ́ ọ. Bátìrì vólítì 9 ló sábà ń lò, iná bátìrì náà á sì máa tán lọ níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ṣì wà nínú ihò rẹ̀, kódà tí ẹnikẹ́ni kò bá ta gìtá. Ẹ yọ wáyà náà tí ẹ bá ti ṣe tán. Bó bá ń hu, ẹ yí ara kúrò níwájú sípíkà, ẹ fi ìdérí rọ́bà dí ihò àárín gìtá, kí ẹ sì dín béèsì kù lórí ẹ̀rọ.

Èwo wá ni? Ẹ gbọ́ orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jẹ́ pé nítorí wọn ni gìtá fi ń wù yín, kí ẹ fetí sí gìtá inú wọn nìkan. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀dù tó gbé ohùn olórin kan ṣoṣo dúró, tàbí ìka tó ń ta béèsì àti orin pọ̀, tí ẹ ń gbọ́ ìró igi lábẹ́ rẹ̀, àkọ́sítíìkì ni. Tó bá jẹ́ ohùn tó ń fà gùn, okùn tí wọ́n ń tì, orin tí wọ́n ń ta lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, oníná ni. Lára àkọ́sítíìkì, ọrùn sábà máa ń pàdé ara ní fírẹ́ẹ̀tì kẹrìnlá, ọwọ́ kì í sì í rọ́nà kọjá ibẹ̀, nígbà tí ti oníná ní fírẹ́ẹ̀tì 21 sí 24 tó ṣeé dé. Tí etí kò bá lè pinnu, ẹ jẹ́ kí àkókò pinnu. Ẹni tó jẹ́ pé òru nìkan ló ráyè, tí ara ilé ti ń sùn, oníná pẹ̀lú agbọ́rọ̀sétí ló yẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ máa gbé e kiri, kó máa ta á níbikíbi láìwá iná, kó mú àkọ́sítíìkì, kí ara rẹ̀ má sì tóbi jù bí apá rẹ̀ kò bá gùn.

Tó bá jẹ́ àlòkù oníná lẹ ń rà, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yí gbogbo kókó rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tó bá ń ta pàràpàrà nígbà tí ẹ ń yí i, eruku ló wọnú rẹ̀, oògùn ìfọ-ẹ̀rọ á yanjú ìyẹn. Ẹ mi jáàkì díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ pé ìdè rẹ̀ ló dẹ̀ tàbí pé wáyà kan ti já nínú. Ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan ní fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbọ́ èyí tó kú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kan okùn láìta á. Tí kíkùn bá dín kù bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń pọ̀ sí i, ìsopọ̀ wáyà ilẹ̀ inú rẹ̀ kò dára, tàbí kó jẹ́ wáyà tí ẹ fi so ó mọ́ áńpù. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà yẹn, bí kò bá yí padà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.